Àlàfo Kẹrin

Ilẹ̀kùn náà tún gbá, ó sì tún gbé ọ̀rọ̀ mì mọ́ dókítà lẹ́nu.

Télọ̀ fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà, ó dá ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà padà sẹ́yìn, ó tún jẹ́ kó máa lọ. Ìgbà kẹjọ nìyí. Nínú ẹ̀rọ tó dé mọ́ etí, Dókítà Wúyẹ́ ń sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́, bí ẹni tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀: "Abẹ́rẹ́ apakòkòrò yìí, wọ́n ti fún un rí…" Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn kan ti gbá gbàà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ariwo náà fi máa rọlẹ̀, ìparí ọ̀rọ̀ nìkan ló kù: "…bá a lára mu."

Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ti kọ ti ẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ èèyàn tó jókòó: *o ba a lara mu*. Ẹ̀rọ yìí yára, ká má purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Pẹrẹsẹ ló ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀, kì í fi àmì kankan lé e lórí. Èdè tí dókítà fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fi ń kọ ìwé aláìsàn ní ilé ìwòsàn yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì fi ń wá ẹni tó létí, tí yóò gbọ́ ohùn náà, tí yóò tún àṣìṣe ẹ̀rọ ṣe, tí yóò sì fi àmì sí i. Bí Télọ̀ bá fi àmì òkè sórí *o* yẹn, abẹ́rẹ́ náà bá aláìsàn lára mu nìyẹn. Bó bá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, *ò bá a lára mu*, ẹni tó bá gún un lábẹ́rẹ́ ọ̀hún lè gbẹ̀mí rẹ̀. Àmì náà kò sì tó ẹsẹ̀ eṣinṣin.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù o," Ọ̀gá Fáìlì wí lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gá Fáìlì ni olórí yàrá àkọsílẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí bàtà rẹ̀ kì í dún, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọrùn èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti wọlé. Òun ló ń ṣe ìdánwò àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lówùúrọ̀ yìí, ẹnì kan péré ni yóò sì gbà síṣẹ́ nínú wọn. Òfin rẹ̀ kò pọ̀: ohùn mẹ́ta, wákàtí méjì, àlàfo mẹ́ta. Ibi tí etí ò bá ti gbọ́ dájú, kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ìlà síbẹ̀, kó fi àlàfo sílẹ̀, dókítà yóò wá fọwọ́ ara rẹ̀ dí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àlàfo kẹrin, kó gbé báàgì rẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Télọ̀ ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ránṣọ kó tó mọ̀ pé irú iṣẹ́ yìí wà láyé. Ojú ló dà á. Abẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń ti okùn bọ̀ ọ́ lójú tẹ́lẹ̀, ó di ohun tó ń pe ọmọ aládùúgbò wá bá a ti. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gba ìwé ìwọlé ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà wá fún un. "Ojú rẹ ló ti rẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí, "etí rẹ kò tíì rẹ̀. Ìwọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ nílé kẹta, wàá ti gbọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán." Bí Télọ̀ ṣe gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ẹni tó fẹ́ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sọ ọ́ ní Télọ̀, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ́ orúkọ egungun, orúkọ oògùn, orúkọ àìsàn tí kò ṣeé pè lẹ́yìn oúnjẹ. Olùkọ́ wọn, ìyá arúgbó kan tí irun rẹ̀ ti funfun báláú, ka ibi tí iṣẹ́ náà lè gbé èèyàn dé fún wọn. Ẹlòmíì á jókòó sílé rẹ̀, á máa tẹ̀wé fún ilé ìwòsàn tí kò rí rí. Ẹlòmíì á di ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ wò. Ẹlòmíì á di ọ̀gá yàrá àkọsílẹ̀, á máa bú àwọn yòókù. "Ṣùgbọ́n ibi yòówù tẹ́ ẹ bá dé," ló máa ń wí, "àlàfo kì í pa aláìsàn." Ó wí i títí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìyá Àlàfo.

Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni kò wọ Télọ̀ létí. Ta ló máa rán aṣọ, tó máa rí ihò lára rẹ̀, tó máa wá fi fún oníbàárà bẹ́ẹ̀? Ó ní láti lẹ̀ ẹ́. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n fi dánra wò níbí, kò fi ẹyọ àlàfo kan sílẹ̀ rí, ní ibi tí àwọn yòókù ti ń fi márùn-ún márùn-ún sílẹ̀. Ibi tí kò bá gbọ́, ó máa ń wo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, á wá ohun tó bá wọn mu, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ọ̀gá Fáìlì ti gbé ìwé rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Iṣẹ́ Télọ̀ kì í nihò." Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé kò rántí jẹun alẹ́.

Lónìí, ọ̀rọ̀ Dókítà Wúyẹ́ ti gba àlàfo mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ tipátipá. Ó tún dá ohùn náà padà. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, mélòó ni abẹ́rẹ́ yìí kì í bá lára mu? Bóyá márùn-ún. Ohùn ìdánwò sì ni, ohùn àtijọ́. Ẹni tó ni ín á ti wà nílé rẹ̀, á ti máa bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ jà. Ó tẹ pẹ́dà nígbà kẹsàn-án. Ilẹ̀kùn gbá. Ó sì dà bíi pé òun gbọ́ ọ wàyí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀, kedere, *ó*, ó ròkè.

Ó fi àmì òkè sí i. Ó tẹ bọ́tìnì, ìwé náà sì lọ.

Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, Ọ̀gá Fáìlì pe orúkọ rẹ̀, ó fi káàdì òṣìṣẹ́ kọ́ ọ lọ́rùn níṣojú àwọn mẹ́ta yòókù. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn sì ń nu omijé. Ìyá Àlàfo, tó wá wo bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ṣe sí, kò tíì kúrò lórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé.

"Àlàfo mẹ́ta péré?" ó bi í. "Lọ́dọ̀ Dókítà Wúyẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Hùn-ún," ni Ìyá Àlàfo wí.

Télọ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ṣé kí n pariwo?" ni ẹ̀gbọ́n bèèrè kó tó kí i rárá. Télọ̀ ní, "Ẹ pariwo, ẹ̀gbọ́n mi." Ẹ̀gbọ́n ké débi pé Télọ̀ ní láti gbé fóònù jìnnà sí etí. Ó gbọ́ bó ṣe ń pe aládùúgbò lọ́tùn-ún lósì pé àbúrò òun ti di òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, kí wọ́n bá òun gbé àga jáde. Ayọ̀ náà pọ̀ lọ́kàn Télọ̀. Ó fọwọ́ kan káàdì náà, ó tún fọwọ́ kàn án.

Bó ṣe padà wọlé, ó bá obìnrin tó máa ń gbé ìwé lọ sókè sódò, èyí tí wọ́n ń pè ní Má-dúró, tó ń kó ìwé tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde. Nọ́ńbà tó wà lókè ìwé àkọ́kọ́ parí sí méje mẹ́ta. Télọ̀ mọ nọ́ńbà náà. Òun ló ti ń wò láti àárọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ń gbé ìyẹn lọ?"

"Yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ti ń yọ mí lẹ́nu lórí ẹ̀ láti àárọ̀."

"Ìwé ìdánwò wa mà ni."

"Ìdánwò wo?" Má-dúró ti ń lọ. "Màmá tó máa wọlé ní aago mọ́kànlá ló ni ín."

Télọ̀ yíjú sí Ọ̀gá Fáìlì, tó ń to bírò rẹ̀ sínú ife lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀gá, ohùn àtijọ́ kọ́ lẹ fi ṣe ìdánwò wa ni?"

"Ti òwúrọ̀ yìí ni. Láti oṣù méjì tí àwọn méjì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, a ò lọ́wọ́ tó. Kí ni kí n máa fi àkókò ṣòfò lórí ohùn àtijọ́ sí?"

"Dókítà á ṣáà kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i."

Ọ̀gá Fáìlì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò burú, ẹ̀rín ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ni. "Wọ́n ń fọwọ́ sí i. Wọ́n fọkàn tán wa."

Aago ara ògiri sọ pé aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Télọ̀ dúró sójú kan. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bó bá lanu, àlàfo kẹrin nìyẹn. Káàdì á bọ́ lọ́rùn rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn, àwọn àga tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé jáde á di ohun tí wọ́n ń gbé wọlé padà. Bó bá panu mọ́, márùn-ún péré ni nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ṣáà gbọ́ ọ. Àbí kò gbọ́ ọ? Ó wá ohùn náà kiri nínú orí ara rẹ̀, ilẹ̀kùn nìkan ló bá níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á.

Kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọrí sí àtẹ̀gùn. Ó gun àjà mẹ́ta láìdúró mí. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, Dókítà Wúyẹ́ fara ti ògiri, ó ń mu omi, ìwé náà wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kékeré ni dókítà náà, ojú rẹ̀ ti wọnú fún àìsùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Màmá tó fẹ́ wọlé yìí. Kí lẹ sọ nípa abẹ́rẹ́ apakòkòrò?"

Dókítà yọ ìwé náà wò. "Ó bá a lára mu. Ó wà níbí."

"Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀, sà."

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn."

"Ilẹ̀kùn gbá, sà. Mi ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ. Àbá ni mo dá."

Omi náà dúró lẹ́nu dókítà. Ó wo ìwé, ó wo Télọ̀, ó tún wo ìwé. "Aláìsàn mẹ́rìndínlógún ni mo rí láàárọ̀ yìí," ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju ti inú ẹ̀rọ lọ. "Mi ò rántí."

Ọ̀rọ̀ yìí ba Télọ̀ lẹ́rù ju ìbínú lọ. Láti àárọ̀ ló ti fọkàn sí i pé ọ̀rọ̀ náà wà níbì kan tí kò lè sọnù, pé bí òun tilẹ̀ ṣì í kọ, ẹni tó sọ ọ́ kò lè ṣì í mọ̀. Kò sí níbì kankan mọ́. Ibi kan ṣoṣo tó kù sí láyé yìí ni orí ìwé tí òun fi ọwọ́ ara òun kọ.

Wọ́n jọ sáré lọ sí iwájú yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ti tẹ́ màmá náà sórí ibùsùn onítáyà, wọ́n ti fún un ní oògùn oorun, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti wọlé lọ gbé abẹ́rẹ́. Lórí bẹ́ńṣì, obìnrin kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún jókòó, ó gbé bàtà màmá lé itan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Abẹ́rẹ́ apakòkòrò?" ó dá dókítà lóhùn. "Mo ṣáà sọ fún yín láàárọ̀, sà. Ò bá wọn lára mu rárá. Ìgbà tí wọ́n bí mi ni wọ́n fún wọn. Ojú wọn wú dí, wọn ò lè mí mọ́. Ìyá bàbá wa ló gbé mi sùn fún odidi oṣù kan."

Dókítà kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ wọlé, ilẹ̀kùn náà sì gbá lẹ́yìn rẹ̀, gbàà. Télọ̀ mọ ilẹ̀kùn náà. Ìgbà mẹ́sàn-án ló ti gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí.

Wọn ò tíì gún màmá lábẹ́rẹ́ ọ̀hún. Nọ́ọ̀sì ti fa oògùn náà sínú abẹ́rẹ́, ó ti ta díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ dànù, ó kù kó rìn wá. Dókítà jáde, ó sọ fún ọmọ màmá náà pé oògùn mìíràn ni wọn yóò lò, kó má fòyà. Lẹ́yìn náà ló wo Télọ̀, bí ẹni tó fẹ́ dúpẹ́ tó sì fẹ́ bínú, kò ṣe èyíkéyìí níbẹ̀. Ó padà wọlé.

Ọmọ màmá kúnlẹ̀ tòun ti bàtà lọ́wọ́. "Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin lẹ rántí. Ẹ ò ní ṣìnà."

Télọ̀ gbé e dìde, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ti lọ. Ọ̀gá Fáìlì rọra ti ilẹ̀kùn, ó ní kó jókòó, kò jókòó.

"Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀," ni Ọ̀gá Fáìlì wí. "Ṣé kò sí? Màmá wà láàyè. Àlàfo mẹ́ta lo fi sílẹ̀, káàdì rẹ wà lọ́rùn rẹ. Ẹyin lohùn, Télọ̀. Bó bá bọ́, kò ṣeé kó jọ. Lọ sílé lọ jẹun. Ó di ọjọ́ Ajé."

Àánú ni, ó sì dùn mọ́ ọn. "Ẹ ṣeun, sà," ó wí. Ó gbé báàgì rẹ̀. Ìyá Àlàfo ń wò ó láti ẹ̀bá fèrèsé.

Ọwọ́ Télọ̀ ti kan ilẹ̀kùn kí ọ̀rọ̀ kan tó padà wá bá a. *Láti oṣù méjì.* Oṣù méjì ni wọ́n ò ti lọ́wọ́ tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn fi dánra wò.

"Ọ̀gá," ó wí, kò yíjú padà. "Àwọn ohùn tá a fi ń dánra wò ńkọ́?"

Nígbà tí Télọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé ibi ìkófáìlìsí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni Ọ̀gá Fáìlì ń wò, èyí tí gbogbo àpótí rẹ̀ ti kún.

"A ò lọ́wọ́ tó," ó wí níkẹyìn, ìparí ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde dáadáa.

Mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọgọ́fà. Ọgọ́fà ìwé, kò sì sí ihò kan ṣoṣo lára wọn. Télọ̀ gbìyànjú láti rántí ibi tó ti lẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan wà tí dókítà ti wúkọ́, tí òun sì kọ ọ̀tún, àbí òsì ni? Ọ̀kan wà tó jẹ́ iye oògùn. Ìyókù ti pòórá. Aṣọ tí wọ́n bá lẹ̀ dáadáa, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ gan-an kì í rí ojú rẹ̀ mọ́. Ohun tó fi ń yangàn láti ọdún yìí wá nìyẹn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọgọ́fà èèyàn ń rìn kiri níbì kan lónìí tàwọn ti ìwé wọn, bí gbogbo wọn bá ṣì ń rìn.

Ó bọ́ káàdì náà lọ́rùn, ó gbé e lé orí tábìlì Ọ̀gá Fáìlì. Kò lọ sílé. Ó padà sí ìdí kọ̀ǹpútà, ó jókòó. Ìyá Àlàfo dìde, ó fa àga tirẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Télọ̀, ó sì mú ẹ̀rọ etí kejì.

Fóònù ń dún nínú báàgì. Ẹ̀gbọ́n ni, àwọn èèyàn á ti jókòó. Télọ̀ jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́.

Ó ṣí ìwé àkọ́kọ́, ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà. Dókítà kan tí kò mọ̀ ń sọ̀rọ̀ bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dé ibì kan, ó wúkọ́. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan dúró ní ibi ikọ́ náà gan-an, ó pé, ó mọ́, àmì rẹ̀ wà lórí rẹ̀ létòlétò. Télọ̀ dá ohùn náà padà. Ó tún un gbọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Kò fìgbà kan sí níbẹ̀ rí.